Ọjọ́ tí Láyíwọlá Dá Orin tí Àwọn Èèyàn Rẹ̀ Ò Gbè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì bú Láyíwọlá. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ bú u kó bú u. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbí, ó sì ní kí n má pa orúkọ òun dà.

"Gbogbo Musin ti gbọ́," ó ní. "Ta ni mo tún fẹ́ máa sá fún?"

Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó kàn ń sọ ọ́ lọ bí kọ̀ńdọ́ tó ti rẹ̀ ṣe máa ń pe orúkọ ibùdókọ̀.

Ìjókòó mọ́tò ni Láyíwọlá ń rán. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri pápá kékeré kan ní Musin, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìlọsíwájú ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohùn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òun ló ń dá orin fún àwọn olólùfẹ́ Ìlọsíwájú.

Ẹ̀yin tẹ́ ò dé pápá yẹn rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Níbẹ̀, ẹ lè pariwo, ẹ lè bú rẹfirí, ẹ lè bú ìyá tó bí rẹfirí pàápàá, kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́kun. Ṣùgbọ́n orin, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a. Fèrè kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá tíì fọn fèrè yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la ẹnu kọrin. Bó bá sì ti fọn ọ́n, kò sẹ́ni tí kì í gbè é, àti mẹkáníìkì àti aránṣọ, títí kan àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà tí wọ́n ń wọ kéké wá láti Ìdí-Àràbà.

Bàbá kan tó ń jẹ́ Ọlábọ̀dé ló ni fèrè náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ikọ́ ò jẹ́ kí bàbá náà lè kọrin mọ́, ó fi í kọ́ Láyíwọlá lọ́rùn lójú gbogbo èèyàn. Ọdún méjìlélógún rèé.

"Gbọ́ mi dáadáa," bàbá náà wí. "Ohùn tó o máa fi dá orin níbí, kì í ṣe tìẹ mọ́ o. Tiwa ni."

Orin tí wọ́n fẹ́ràn jù ò gùn rárá. Láyíwọlá á ní, "Ta ló ni pápá?" Wọ́n á dáhùn, "Àwa la ni ín!" Á ní, "Ta ló ni bọ́ọ̀lù?" "Àwa la ni ín!" Á wá fa ìkẹta gùn, "Ta ló ni Ìlọsíwájú o?" Tóò, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ariwo. Àwọn aláta tó wà lẹ́yìn ògiri, tí wọn ò mọ bọ́ọ̀lù mọ ọsàn, àwọn náà máa ń gbè é.

Bẹ́ẹ̀ àwọn kọ́ ló ni ín. Olóyè Ọlápàdé ló ni ín.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló ra ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lé orí. Ó ra jẹ́sì, ó ra bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ló mú Kóòṣì Julius dé, ó sì parí. Ẹ gbà mí o! Julius yìí á kó èèyàn mẹ́jọ sẹ́yìn pé kí wọ́n máa ṣọ́lé, wọ́n á sì tún jẹ gólì mẹ́ta. Nínú ìdíje mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ni wọ́n ti lù wọ́n. Débọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ apá òsì pápá yẹn bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí látọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹni tó wà nípò rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Olóyè. Ọmọ yẹn, bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, á ta kúrò níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ju ìkòkò gbígbóná sí i.

Wọ́n kọ lẹ́tà sí Olóyè, kò fèsì. Wọ́n rán àgbààgbà lọ bá a. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó fún wọn ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó wá ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ra bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wọ̀ ni? Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, tẹlifíṣọ̀n wà nílé rẹ̀. Kó lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn Òyìnbó."

Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ tó burú jù dé. Olóyè fẹ́ kó ẹgbẹ́ náà kúrò l'Ékòó. Ó ti rí ìlú kan níbòmíì tí wọ́n á ti fún un ní pápá tuntun, tí wọ́n á sì ti máa wárí fún un. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje wọn máa rán àlejò wá lọ́jọ́ Àìkú láti wá wo bí nǹkan ṣe rí láàárín òun àtàwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé inú wọn ò dùn sí i, wọn ò ní fọwọ́ sí i pé kó kó ẹgbẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo àwọn olólùfẹ́ pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Kòfowórọlá, obìnrin tó ń rán àsíá ẹgbẹ́. Àbdùlsàmàd ló ṣe alága, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà.

"A ò ní bú ẹnikẹ́ni," Tíṣà wí. "A ò ní ju ike omi. A máa wọlé, a máa jókòó, a máa dákẹ́. Kò ní sí orin, kò ní sí fèrè. Látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Ká dákẹ́ kẹ̀?" Múyìwá ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń fọn kàkàkí ẹgbẹ́, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ Láyíwọlá tímọ́tímọ́. Ọdún méjìlélógún tí ọ̀kan ti ń dá orin ni èkejì ti ń fọn kàkàkí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tíṣà, ṣé ìyẹn máa dun Olóyè?"

"Múyìwá, ṣé o ti wà níbi tí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ti dákẹ́ pọ̀ rí?"

Múyìwá ro ó. "Rárá o."

"Olóyè náà ò tíì wà níbẹ̀ rí. Jẹ́ kó gbọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá yíjú sí Láyíwọlá. "Ọwọ́ ẹ ló wà. Bó o bá ti pa ẹnu mọ́, gbogbo wa ti pa ẹnu mọ́ nìyẹn."

"Tíṣà, ọkàn yín ò balẹ̀ sí mi ni?" Láyíwọlá dáhùn. "Mo ti dákẹ́."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì, Kóòṣì Julius fúnra rẹ̀ wa mọ́tò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Láyíwọlá. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ òun ti ya.

"Ìjókòó nìkan kọ́ ló ya lọ́wọ́ yín, Kóòṣì," Láyíwọlá wí. Kò gbójú sókè.

Julius rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ran Láyíwọlá lọ́wọ́ láti tú ìjókòó náà. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé tán, ó ní, "Olóyè fẹ́ rí ẹ ní ọ́fíìsì wọn ní Sùúrùlérè. Wọ́n ní kí n gbé ẹ wá."

"Èmi? Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ ni."

Ó yẹ kó kọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó kọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó bọ́jú, ó wọ mọ́tò.

Ẹ má rò pé owó ni wọ́n fi tàn án o. Ó ní ká ní wọ́n na owó sí òun ni, òun ì bá bú wọn, òun ì bá sì jáde. Àga ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Aláwọ ni àga náà, ó sì fi ìka tẹ̀ lé ojú ìránṣọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo. Olóyè tó máa ń pe àgbàlagbà ní "ìwọ" wá ń pè é ní "ẹ".

"Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, ẹ káàbọ̀. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ká ní ẹ̀yin ni kóòṣì, ta lẹ máa fi sí apá òsì?"

"Débọ̀ ni."

"Kí ló dé?"

Háà! Láyíwọlá la ẹnu, kò rí i pa dé mọ́. Ó sọ nípa ẹsẹ̀ Débọ̀, ó sọ nípa bí wọ́n ṣe ń fi àárín pápá sílẹ̀, ó sọ ohun tó ti ń sọ fún Múyìwá láti ọdún mẹ́ta. Olóyè mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ o! Ó wá kọjú sí Julius tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ṣé o gbọ́? Lọ́jọ́ Àìkú, Débọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa, sà," Julius wí.

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú ọ̀gbẹ́ni yìí. Ọdún méjìlélógún ló fi pariwo láti ẹ̀yìn wáyà. Òní lẹnì kan tó ni ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀, tó sì ṣe ohun tó wí lójú rẹ̀.

Olóyè ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú jákẹ́ẹ̀tì kan jáde. Aláwọ̀ ewé ni, bíi tàwọn agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ti kọ ọ́ sí i láyà pé "Adarí Orin". Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, Láyíwọlá ti di òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́. Ibikíbi tí ẹgbẹ́ bá ń lọ, ìjókòó tiẹ̀ ti wà nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn Kóòṣì gan-an.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Láyíwọlá béèrè. Ó kúkú mọ̀ pé nǹkan kan máa tẹ̀ lé e.

"Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ dákẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, àwọn àlejò tó ń bọ̀ yẹn, onígbọ̀wọ́ tó máa ń náwó sí ẹgbẹ́ wà nínú wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ orin, wọ́n á dúró tì wá, ẹgbẹ́ á sì jókòó sí Musin. Bí wọ́n bá rí èèyàn tó dijú mọ́rí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbọ́dọ̀ kó lọ ni. Bí mo bá ṣí fìlà, ẹ dá orin yín. Àwọn ọmọ mi kan máa wà lábẹ́ òrùlé, wọ́n á gbè é. Tẹ́ ẹ bá ní 'Ta ló ni Ìlọsíwájú', wọ́n á ní 'Ọlápàdé ló ni ín'."

"Olóyè, orin wa ò lọ báyẹn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ni?"

Láyíwọlá dìde. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a sínú ọ̀rá.

Ìyàwó rẹ̀, Adùnọlá, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn. Kò sí aṣọ tó máa wọlé rẹ̀ tí kò ní tú wò. Kó tó di alẹ́, ó ti rí i.

"Bàbá Tiwalọlá, jákẹ́ẹ̀tì ta nìyí?"

"Oníbàárà kan ló fi ta mí lọ́rẹ."

"Oníbàárà wo ló ń kọ 'Adarí Orin' sáyà aṣọ kó tó fi ta èèyàn lọ́rẹ?"

"Adùnọlá, jẹ́ n sinmi."

Kò tún bi í mọ́. Ó ká a, ó gbé e sórí àpótí. Àmọ́ ó ní, "Ṣáà rántí pé inú Musin yìí là ń gbé o." Ó lọ dáná.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tún pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Kòfowórọlá. Tíṣà ní kí kálukú mú ohun tó fi ń pariwo wá, kí Àǹtí tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù títí ìdíje á fi parí, kí ọwọ́ má baà yún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó o dé. Agogo wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, fèrè oníke lóríṣiríṣi. Múyìwá gbé kàkàkí rẹ̀ sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó fi etí aṣọ nù ún kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láyí ńkọ́?" Àǹtí Kòfowórọlá béèrè. "Gbogbo wa ti kó tiwa sílẹ̀. Ohùn ẹ ò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹ, kí la fẹ́ ṣe sí i?"

"Ẹ yọ ọ̀fun ẹ̀, kẹ́ ẹ tì í mọ́bẹ̀!" Múyìwá pariwo.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láyíwọlá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín yẹn lóun ṣì ń gbọ́ títí dòní. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló yẹ kóun sọ ọ́. Ẹnu òun wà nílẹ̀, àwọn èèyàn òun pé níwájú òun, òun ń rẹ́rìn-ín. Ó lọ sílé, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbàlà ẹgbẹ́ lòun ń wá, pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ òun tó bá yá.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí kún dẹ́nu. Àwọn àlejò wà lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú Olóyè, kámẹ́rà méjì wà níwájú wọn. Rẹfirí súfèé.

Kò sí ohùn kankan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ní ẹ̀rù ba òun. Wọ́n ń gbọ́ ìró bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí koríko. Wọ́n ń gbọ́ bí aṣọ́lé ṣe ń wúkọ́. Wọ́n gbọ́ tí Julius ń pariwo "Ẹ padà! Ẹ padà!", àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn sì ń wojú ara wọn. Lábẹ́ òrùlé, ọ̀kan nínú àwọn àlejò na ọrùn, ó ń wo ọ̀dọ̀ àwọn èrò. Ó sọ nǹkan sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóyè ń fi aṣọ nu ojú.

Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí Tíṣà wí ń ṣiṣẹ́.

Débọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, bí Olóyè ṣe ṣèlérí. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ó gba bọ́ọ̀lù, ó já ènìyàn méjì sílẹ̀, ó gbá a sáwọ̀n. Gólì! Gólì àkọ́kọ́ látìgbà tí ìdíje mẹ́rin ti kọjá!

Wọn ò pariwo. Àǹtí Kòfowórọlá ti gèlè rẹ̀ bọ ẹnu. Múyìwá di ọwọ́ méjèèjì lé orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Débọ̀ na apá, ó sáré wá síwájú wọn. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó dúró. Ó yé e. Ó rẹ orí sílẹ̀ fún wọn, ó rọra sáré padà.

Ìgbà yẹn ni Olóyè Ọlápàdé ṣí fìlà.

Láyíwọlá dìde. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Múyìwá gbójú sókè wò ó, ó rò pé àṣìṣe ni. Ó na ọwọ́ pé kí òun fa aṣọ rẹ̀ kó jókòó.

"Ta ló ni pápá?" Láyíwọlá dá orin.

Àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbè é. Ẹgbẹ̀rún kan ojú ló wò ó. Àmọ́ lábẹ́ òrùlé, nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀dọ́ tó wọ jẹ́sì tuntun fò dìde.

"Ọlápàdé ló ni ín!"

Wọn ò kúkú mọ orin náà. Èsì kan náà ni wọ́n kọ́ wọn, òun ni wọ́n ń sọ sí gbogbo rẹ̀.

Ó ṣì lè dákẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń dá orin kan fún ọdún méjìlélógún, ó ti mọ ohun tó kàn.

"Ta ló ni bọ́ọ̀lù?"

"Ọlápàdé ló ni ín!"

"Ta ló ni Ìlọsíwájú o?"

"Ọlápàdé ló ni ín!"

Kámẹ́rà kan ti sún mọ́ ọn débi pé ó ń rí ara rẹ̀ nínú dígí rẹ̀. Ẹnu òun nìkan ló ń mì níbi tí gbogbo èèyàn jókòó sí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò wo ibòmíì. Ó jókòó.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìlérí ni wọ́n ṣe pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò sì sọ̀rọ̀ títí rẹfirí fi súfèé ìkẹyìn. Wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi jókòó sáàárín wọn bẹ́ẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n gbá òun létí ni, ì bá sàn.

Nígbà tí ìdíje parí, Múyìwá ló kọ́kọ́ lanu.

"Láyí, báwo làwọn yẹn ṣe mọ̀ pé o máa dá orin?"

Láyíwọlá ń fọwọ́ pa fèrè ọrùn rẹ̀.

"Mo ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"Olóyè ní tá a bá kọrin, ẹgbẹ́ ò ní kúrò níbí."

"Ìgbà wo ló sọ fún ẹ?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́rú." Múyìwá mi orí. Ó tún un pè bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. "Ọjọ́rú. O wá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Tíṣà na ọwọ́ sí fèrè. Láyíwọlá bọ́ fèrè lọ́rùn. Okùn rẹ̀ há a létí, Àǹtí Kòfowórọlá ló bá a tú u, bí ẹni ń tú nǹkan kúrò lára ọmọ aláìsàn. Ó gbé e fún Tíṣà. Gbogbo wọn jáde.

Kí ló tún kù tí mo fẹ́ sọ? Fídíò náà wà lórí gbogbo fóònù kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹnu Láyíwọlá ló kún ojú rẹ̀, ohùn ọgbọ̀n ọ̀dọ́ yẹn sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo pápá ló ń gbè é. Ìgbìmọ̀ kọ̀wé pé àwọn ti rí i pé ìrẹ́pọ̀ wà láàárín Olóyè àtàwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́. Kò sí onígbọ̀wọ́ kankan láàárín àwọn àlejò, kò fìgbà kan sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìlọsíwájú kúrò ní Musin.

Àárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra, Láyíwọlá wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó gbé báàgì, ó lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun tún fẹ́ ṣe ni. Awakọ̀ yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Orúkọ yín ò sí níbí."

"Ẹ̀yìn Kóòṣì ni wọ́n ní kí n jókòó sí."

"Kóòṣì ti gbé báàgì ẹ̀ síbẹ̀, sà."

Julius wà lójú fèrèsé. Ó ń tẹ fóònù. Láyíwọlá pe Olóyè, fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Bọ́ọ̀sì lọ. Wọn ò mú Débọ̀ lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n Olóyè ni wọ́n mú.

Láyíwọlá padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bá ìjókòó mọ́tò Julius níbẹ̀, ó ti rán an tán látọjọ́ yìí, dáadáa. Julius ò wá gbé e mọ́. Òun ni Láyíwọlá ń jókòó sí báyìí tó bá ń ṣiṣẹ́.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí n bá òun sọ fún ẹ̀yin tó ń kà á. Ó ní, "Sọ fún wọn pé bí ẹni tí kò kà wọ́n sí bá ṣàdédé ń bi wọ́n ní ìmọ̀ràn, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́." Ó wá ní, "Kó o sì sọ fún wọn pé wọn ò lù mí."

Múyìwá ṣì ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Ó máa ń kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o," bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tí kò mọ̀. Kò pè é ní Láyí mọ́.

Àwọn olólùfẹ́ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Débọ̀ ni balógun rẹ̀. Wọn ò ní bọ́ọ̀sì, wọn ò ní olóyè. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá yẹn. Láyíwọlá ò lọ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí ìjókòó Julius, ó ń ti abẹ́rẹ́ bọ awọ. Adùnọlá gbé oúnjẹ wá fún un, ó jókòó tì í.

Wọ́n gbọ́ kàkàkí Múyìwá láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n gbọ́ fèrè kékeré yẹn. Lẹ́yìn náà, Àǹtí Kòfowórọlá dá orin. Ó gbé e sókè jù. Kò ní í lè fa ìkẹta gùn, Láyíwọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó débẹ̀.

"Ta ló ni pápá?"

Pápá náà dáhùn. Àwọn aláta dáhùn. Adùnọlá pàápàá, tó ń bu ọbẹ̀, dáhùn lábẹ́ ohùn, "Àwa la ni ín." Ó wá wo ọkọ rẹ̀.

Ọwọ́ Láyíwọlá dúró lórí awọ. Ó gbè é jẹ́ẹ́, Adùnọlá nìkan ló gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín."